Kíláàsì Tí A Ń Bọ́ Bàtà Wọ̀

Tísà Kíkẹ́lọmọ kì í pariwo. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Agége, èmi ní praímárì márùn-ún, òun ní mẹ́fà, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. Ọmọ Èkìtì ni, Ọgbà ló ń gbé, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí i sí. Tó bá ti pinnu nǹkan, kí ẹlòmíì má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Èmi tí mo máa ń bá a jiyàn mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé ìwé pa, ìjọba ní kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí rédíò. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, fún ẹni tó bá ní rédíò. Kíkẹ́lọmọ pe òbí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta, ó sì rí i pé mọ́kànlá péré ló ń gbọ́ ohunkóhun. Àwọn tó kù ń sùn, wọ́n ń ṣeré, tàbí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí òun kọ́ ló kó àrùn wọ̀lú. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún ń pè wọ́n.

Nígbà tí ilé ìwé máa ṣí, ìwé àṣẹ dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n kún inú rẹ̀: kí ọmọ má pọ̀ ju bí yàrá ṣe tóbi tó lọ, kí wọ́n sì jìnnà síra. Wọn ò sọ ibi tí a ti máa rí yàrá. Ọ̀gá wa bá pín praímárì mẹ́fà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa wá ní nǹkan bí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà, Bọ́látitó, tó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ilé ìwé wà ní títì, ìyá rẹ̀ fi í síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di omi sínú ọ̀rá. Kíkẹ́lọmọ lọ bá obìnrin náà nílé. Obìnrin náà ò bú u. Ó kàn ṣàlàyé pé ọ̀gá ibẹ̀ kì í gba ẹni tó wá lónìí tí kò wá lọ́la.

Ó ní, “Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni ilé ìwé, á wá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ ó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ.”

Láti ilé obìnrin yẹn, ọ̀dọ̀ Bàbá Àpọ́sítélì Olúgbénró ló gbà lọ, olórí ìjọ wọn. Gbọ̀ngàn ìjọ náà tóbi, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, kì í sì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́sàn-án àárín ọ̀sẹ̀. Bàbá ti gbà pé kó máa fi ibẹ̀ ṣe kíláàsì, kí ó tó kúnlẹ̀ tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: bàtà kì í wọ ilé Ọlọ́run. Kíkẹ́lọmọ ní ìyẹn ò lè ṣòro. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣàṣìṣe. Ẹni tó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tó ti lè rìn kì í kà á sí nǹkan tí èèyàn ń sọ. Nínú fọ́ọ̀mù tó fi tọrọ àṣẹ gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ ọ́fíìsì, ó kọ fèrèsé, ó kọ omi, ó kọ ilé ìyàgbẹ́. Kò kọ bàtà.

Mo rò pé Málàmù Ùsmán, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, ò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní kíláàsì náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń bọ́ bàtà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn yẹn mọ ohun tí ibi ìjọsìn jẹ́, ọmọ náà sì wá ti òun ti híjáàbù rẹ̀. Gbogbo wọn ló wá lójoojúmọ́. Bọ́látitó náà wá, pẹ̀lú sílípáàsì aláwọ̀ ewé, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dàgbà ju bàtà ilé ìwé rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ń rọ̀, Ìyáàfin Oyinadé dé láti ọ́fíìsì, aṣàyẹ̀wò ilé ìwé. Òkìtì bàtà ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan gorí èkejì, àwọn ọmọ sì wà nínú ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé wọ́n ń da bàtà pọ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, àti pé aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ò pé láìsí bàtà. Ó ní òun á padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun á ti gbọ̀ngàn náà pa.

Kíkẹ́lọmọ lọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n gba bàtà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré.

Bàbá ní, “Ọmọ mi, àrùn yìí á lọ, ilẹ̀ mímọ́ á ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè ṣe é.”

Èmi ní tèmi gbà á nímọ̀ràn pé Bàbá kì í sí nílé lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ wọ bàtà wọn fún wákàtí kan, kí obìnrin náà wò ó, kó máa lọ. Ó ní ṣé èmi ni mo máa ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọmọ.

Ó fi ẹfun fa ilà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí àpótí, ìwọ̀n apá kan láàárín wọn, ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, ibẹ̀ ni bàtà rẹ̀ á máa wà. Ó gbé garawa àti ọṣẹ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kí wọ́n máa fọ ọwọ́, kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀. Wọ́n ń nu ilẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń nu ún lọ́sàn-án. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ni mo pọn omi náà, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá ó wù mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Oyinadé wo àwọn àpótí ẹfun náà. Ó mú téèpù ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ó fẹ́ wọlé. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ bàtà yín.”

Obìnrin náà béèrè bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀.

“Tí mo bá jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ wọlé mà, irọ́ ni mo ti ń pa fún àwọn ọmọ wọ̀nyí látọjọ́ yìí.”

Mo ti ń ro bí a ó ṣe kó àga padà. Ìyáàfin Oyinadé wo garawa náà, ó sì bọ́ bàtà. Ó fọ ẹsẹ̀ nínú garawa àwọn ọmọ, ó wọlé, ó wọn àárín àga kan sí èkejì títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà tó jáde, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó wò ó. Kò sí eruku níbẹ̀.

Ó ní, “Mo ti wọ kíláàsì mẹ́sàn-án láti àárọ̀. Kò sí èyí tí mo lè fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹ̀.”

Ó buwọ́ lùwé. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé nípa aṣọ ilé ìwé, ó wo sílípáàsì aláwọ̀ ewé tó wà nínú àpótí Bọ́látitó, ó sì fi ìlà yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ọgbà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ ṣáájú wa wọ gbọ̀ngàn, torí a ṣì wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, bàtà ló tò síta lórí sìmẹ́ńtì, ìwọ̀n apá kan láàárín wọn, láìsí ẹfun. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Olùṣọ́ ìdánwò ń béèrè pé irú ọmọ wo lèyí. Kíkẹ́lọmọ ń ka bàtà.

Ó ka méjìlélọ́gọ́ta, ó ku ọ̀kan. Èmi náà kà á, méjìlélọ́gọ́ta ni. Ó tún un kà. Ìgbà náà ni mo rí sílípáàsì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn òpó, ó dá wà, wọ́n tò ó dáadáa. Mo nawọ́ sí i.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bú sẹ́kún, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Bọ́látitó yọjú lójú fèrèsé. Mo ní kó padà sídìí ìdánwò rẹ̀.