Ọwọ́ Tí Kò Dìbò Kò Ní Pàtẹ́wọ́

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìsémọ́lé kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí mọ́tò akérò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún lójú títì Ìkìrun sí Òkukù, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mò ń kọ ọ́ fún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa kì í ṣe ìpinnu ńlá kankan láìjẹ́ pé ìlú kọ̀ọ̀kan dìbò sí i. Ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. A jà fún un ni, mo sì wà níbẹ̀.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Inísà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń dá oko ẹ̀gẹ́. Nígbà náà, Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú pẹ̀lú katakata tó fi ń túlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ti Inísà. Bàbá Láyíwọlá ni alága Ìkìrun, ọ̀rẹ́ bàbá mi, "ọmọ mi" ni wọ́n máa ń pè mí, àwọn ló sì mú mi wọ ẹgbẹ́. Àwọn náà ló dá a lábàá pé kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Àbá rere ni. Àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wa máa ń fi ìlú kan halẹ̀ mọ́ ìkejì: bí Inísà bá kọ iye tí wọ́n dá, wọ́n á gba Òkukù lọ. Bí a bá di ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa sá lọ? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi fúnra mi fẹ́ ìṣọ̀kan yẹn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe para pọ̀. Ogun ti fojú wọn rí màbo, ni wọ́n bá ń so òwò wọn pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ní ilé ìgbìmọ̀ àjọní, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ná owó kan náà. Ohun ńlá ni. Síbẹ̀ n kì í fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ibẹ̀ ló ń ráhùn pé àwọn kan tó jìnnà sí àwọn ló ń jókòó ṣe ìpinnu, tí wọ́n á kàn wá fi tó àwọn létí. Ibì kan wà tí ará ìlú dìbò pé àwọn kò fẹ́ àdéhùn kan, tí ìjọba tún ní kí wọ́n padà lọ dìbò títí wọ́n fi gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ dìbò, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi ìṣọ̀kan náà sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ilé tí a kọ́ láìbi àwọn tó máa gbé inú rẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, bí àlejò ni wọ́n á ṣe máa gbé e.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ tí Bàbá Láyíwọlá pe èmi àti alága Inísà sí pálọ̀ wọn.

"Àwa alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò," ni Bàbá wí. "Ìkìrun ni gbogbo katakata á máa wà. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣe alága. Ìfilọ́lẹ̀ ti dé tán, a ti ránṣẹ́ pe àlejò."

Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ìgbà wo ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ìbò ti kí ni? Oore la ṣe fún wọn. Ta ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé kó tó fún un ní àgbo?"

"Wọn kì í ṣe ọmọdé, sà. Àgbẹ̀ ni wọ́n."

Alága wa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. N ò dákẹ́. Ni ojú Bàbá bá yí padà.

"Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi mú wọ ẹgbẹ́!"

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ sínú."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Òkukù, mo bá Ìyá Sùlíyà lóko. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ tibẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ katakata, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Kí katakata wa máa sùn ní Ìkìrun? Wọ́n á túlẹ̀ tiwọn, wọ́n á túlẹ̀ Inísà. Kó tó kan Òkukù, òjò àkọ́rọ̀ ti lọ. Wàláì, a ò ṣe!"

"Ìyá, èmi fẹ́ kí a para pọ̀ o."

Wọ́n wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Kí wá lo ń wá lóko mi?"

"Mo wá kí a lè jọ béèrè ìbò. Bí Òkukù bá dìbò pé òun kò ṣe, ẹ̀yìn yín ni mo máa dúró sí."

Wọ́n nawọ́ mú ọkọ́ wọn. "Èèyàn tó lè sọ báyìí ṣeé bá rìn. A ò ní sọ òkò, a ò ní pariwo. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ìfilọ́lẹ̀ wọn, ká jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́ tí kò dìbò kò ní pàtẹ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ràn bí iná ọyẹ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa ní Inísà. Ìyá Sùlíyà sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Òkukù.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, gbọ̀ngàn Ìkìrun kún dẹ́nu. Bàbá Láyíwọlá wọ agbádá funfun. Wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ti di ọ̀kan, olùdarí ètò sì kígbe pé, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo àwa ará Inísà àti Òkukù káwọ́ gbera, a ń wo iwájú. Olùdarí ètò tún kígbe. Fáànù òkè nìkan ló ń dún. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìkìrun fò dìde pé, "Ẹ lé àwọn ará Òkukù jáde!" Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò lè gbàgbé láéláé. Àwọn àgbẹ̀ Ìkìrun gan-an, tí wọ́n jókòó síwájú, àwọn tí n kò bá sọ gbólóhùn kan rí, àwọn náà káwọ́ gbera bíi tiwa. Orí mi wú.

Ìyá Sùlíyà dìde. "Bàbá, a ò bá yín jà. Ẹ kàn bi wá."

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Òṣogbo fẹnu sí Bàbá létí, ó sì kó ìwé rẹ̀. Ìfilọ́lẹ̀ tú.

Àwọn alága wá gbà kí a bi àwọn èèyàn, a sì dìbò ní ìlú kọ̀ọ̀kan. A tò sórí ìlà lójú ọ̀sán gangan, àwọn tó gbà lọ́tọ̀, àwọn tó kọ̀ lọ́tọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń kà á sókè. Ìkìrun gbà. Inísà gbà. Òkukù kọ̀.

"Ìlú méjì ju ọ̀kan lọ," ni Bàbá wí, àwọn ará Inísà sì ń kan sáárá sí wọn. Mo dìde níwájú àwọn èèyàn mi. "Ìbò Òkukù kì í ṣe ẹrù tí a lè gbé sínú ọkọ̀ Ìkìrun. Bí wọn kò bá gbà, n ò ní fọwọ́ sí ìwé ìṣọ̀kan náà." Láìsí ìbuwọ́lù akọ̀wé, ìṣọ̀kan kò lè rìn. Wọ́n pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Alága wa ò kí mi mọ́. Ní àkókò ìkórè yẹn, àwọn oníbàárà fojú wa gbolẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwọn kan sì ń nàka sí mi lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí àkókò ìtúlẹ̀ tún ń súnmọ́ ni Bàbá Láyíwọlá dá wọ mọ́tò lọ sí Òkukù, láìmú ẹnikẹ́ni dání. Wọ́n jókòó ti Ìyá Sùlíyà, wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́?" Òkukù fẹ́ kí katakata kọ̀ọ̀kan wà ní ìlú rẹ̀, kí ipò alága máa yí ká, kí ìlú tó bá wù sì lè jáde láìjà. Bàbá gbà á.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ Òkukù jọ, ọkùnrin kan bi wọ́n pé, "Ṣé títí a ó fi gbà lẹ máa bi wá ni?"

"Rárá," ni Bàbá dáhùn. "Ohun tí mo gbé wá tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Bí ẹ bá kọ eléyìí náà, n ò ní padà wá, àfi tí ẹ̀yin bá ránṣẹ́ pè mí."

Wọ́n tò, wọ́n sì gbà. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omijé ayọ̀ ni mò ń nù.

Kí la rí jẹ níbẹ̀? A ní ẹgbẹ́ tí ọjà tí kò tà kò lè tú, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fi ipá mú òun wọ̀ ọ́. Kí la pàdánù? Bàbá Láyíwọlá kò pè mí ní "ọmọ mi" mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn tán lẹ́nu wọn, ó sì ń dùn mí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe é.

Gbèsè ṣì wà lọ́rùn wa. Ìlà ìbò wa ti ń kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń tẹ̀ wá láago pé ẹ ò ní lè wá. Àwọn àgbẹ̀ Ìbà, ìlú tó wà nítòsí wa, sì ti wọ ẹgbẹ́ lábẹ́ Ìkìrun, wọn ò ní ìlà tiwọn, àwọn aṣáájú tuntun sì ń sọ pé wọn kò pọ̀ tó láti ní ìbò tiwọn. Bákan náà ni wọ́n ṣe sọ nípa Òkukù. Àwọn ará Ìbà ń bọ̀ ní ìpàdé wa tó kàn láti wá béèrè ìbò tiwọn. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n fi àyè ìjókòó kan sílẹ̀ fún mi láàárín wọn.