Pápá Tí Wọ́n Ń Da Odò Sí

Oòrùn ń ràn ní Sunday tí ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Pásítọ̀ wa ò fẹ́ pool inú ilé. Ó ní odò tó ń ṣàn ni Jésù wọ̀. A kúrò ní Whalley Range, àdúgbò wa nílùú Òyìnbó, a dé etí odò Mersey, a sì rìn kọjá lórí pápá ńlá kan tó rẹlẹ̀ ju odò fúnra rẹ̀ lọ. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń lọ wo pátákó tí wọ́n fi ń wọn omi lára òpó afárá. Ní Saturday, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá hàn ketekete. Láàárọ̀ Sunday, omi ti bò ó. Òjò ò rọ̀ ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dúdú lápá òkè tí odò ti ń bọ̀.

Díákónì wa ti wà nínú omi, okùn wà ní ìbàdí rẹ̀. Orúnkún ni omi dé lára rẹ̀ nígbà tí a dé. Nísinsìnyí, ó ti dé itan.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ń kún."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, nínú oòrùn yìí?"

Ìyá kan nínú choir dá sí i: "Ẹ má dá wọn lóhùn o! Bí ọmọ yẹn bá sín, ambulance ni wọ́n máa pè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, nínú aṣọ funfun, fà mí lápá. "Mum, stop it. Wọ́n ń wò wá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún un rí. "Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ tí omi gbé àbúrò mi lọ."

Nílé, lókè odò wa, wọ́n ṣí dáàmù tí wọ́n fi sé omi, kí ó má baà ya. Àbúrò mi obìnrin ń fọ aṣọ létí omi. Ọpọ́n rẹ̀ nìkan la rí.

Lójijì, ẹsẹ̀ díákónì yẹ̀. Okùn yẹn ni wọ́n fi fà á jáde, ó ń wúkọ́, ètè rẹ̀ ti funfun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò sáré wá, ó ń pariwo kí gbogbo wa gun orí afárá: wọ́n fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn irin etí odò, kí omi lè ya sórí pápá, kó má baà wọ ilé àwọn èèyàn.

Òṣìṣẹ́ náà wo pápá náà látòkè délẹ̀. Ó tún un wò, bóyá ẹnì kan ṣì kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn gbéra, omi pupa sì rọ́ bo ojú ọ̀nà tí a gbà wá, àti àwọn àga ìjọ tí a tò sórí pápá.

Ọmọ mi ń gbọ̀n. Omi ò kàn án rárá.

Ó ní, "Mum, nílé, ṣé ẹnì kankan wò kí wọ́n tó ṣí tiwọn?"

Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò ó.

"Rárá," ni mo wí.