Ọjọ́ Tí Gíá Jíìpù Dákú Lórí Òkè

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń gbẹ̀bí nílé ìwòsàn àwọn aláboyún. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé bí ilé bá ń jó, Agbẹ̀bí á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ná kó tó kígbe iná. Nítorí náà, bí ojú rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí wọ́n bá sọ fún wọn, wọn ò ní gbà.

Jíìpù ilé wọn ló ń wà lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, jókòó sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ Agbẹ̀bí obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó ti màmá àgbà. Ọkọ Agbẹ̀bí, tó jẹ́ awọnlẹ̀, ti bá iṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn.

Kí wọ́n tó gbéra, Agbẹ̀bí ti bá màmá de bẹ́líìtì, ó sì rọra ṣàlàyé fún un bó ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. "Màámi, èyí ni kì í jẹ́ kéèyàn fò dànù. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn o."

"O ṣé, ìyàwó mi," ni màmá wí. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ ń gbé.

Òkè kan wà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ga bí ẹni máa gun àkàbà. Wọ́n gùn ún dé ìdajì ni ẹ́ńjìnnì bá bú ramúramù, àmọ́ jíìpù ò lọ mọ́. Agbẹ̀bí tún tẹná sí i. Ariwo pọ̀ sí i, mọ́tò dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn lọ síwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Agbẹ̀bí pé ilé kì í rìn. Àwọn ló ń padà sẹ́yìn.

Ó wo dígí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ru páànù wà lẹ́yìn wọn, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Agbẹ̀bí mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹná. Ohun tí orí rẹ̀ ń sọ fún un ni pé bóun bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, agbára á dé. "Mọ́mì!" ni ọmọ ké.

"Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná!"

Ohùn kan ló dún báyìí látẹ̀yìn, ó le bí irin.

"Bíréèkì! Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́! Fa bíréèkì ọwọ́!"

Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ Agbẹ̀bí gbọ́ ohùn náà kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Jíìpù dúró. Àlàfo tó kù sí ojú ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kò ju apá kan lọ.

"Má pa ẹ́ńjìnnì o," ni ohùn náà tún wí. "Bí o bá pa á, bíréèkì á le mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

Agbẹ̀bí yíjú padà. Màmá ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ìka tẹ bẹ́líìtì, ó tú, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ọ́lẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ akẹ́rù fi ọkọ̀ rẹ̀ rìn sẹ́yìn, ọkùnrin náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Màmá wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbé ọwọ́ sókè. "Já a sọ́tùn-ún. Rọra ju bíréèkì sílẹ̀. Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀… ó tó!" Ìdí jíìpù fara ti pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́ẹ́. Màmá gbé òkúta sẹ́yìn táyà, ó fi ẹsẹ̀ tì í wọlé.

Agbẹ̀bí bọ́ọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò rí i pa dé.

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì," ni màmá wí. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíá yọ, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó lẹ̀ mọ́ irin náà rí bíi wàrà tí wọ́n da ọ̀dà pupa sí. "Omi ti wọnú ọ́ìlì. Èmi ò mọ irú gíá tó ń yí ara rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Inú rèdíétọ̀ lomi yẹn ti wá."

"Màámi," ni Agbẹ̀bí wí, "níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo wa ọkọ̀ igi gẹdú bàbá mi fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn tí igi já lé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà."

"Ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Ta ló bi mí?"

Agbẹ̀bí rántí gbogbo ìgbà tó ti ṣàlàyé bẹ́líìtì. Ojú tì í débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Màmá rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

Agbẹ̀bí pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ ti gíá, ó sọ ti akẹ́rù, ó sì sọ ta ló gbà wọ́n. Ọkùnrin náà béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé o forí gbá nǹkan ni?"

Mẹkáníìkì wọn fi ọkọ̀ mìíràn fa jíìpù lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tú ọ́ìlì gíá sínú báàfù. Ó wò ó, ó wo Agbẹ̀bí. "Ta ló sọ fún yín pé omi ni?" Agbẹ̀bí nawọ́ sí màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mẹkáníìkì bọ́ fìlà. Ó ní àwọn awo inú gíá ti rà, ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Gíá mìíràn àti rèdíétọ̀ tuntun ni yóò wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọjọ́ méjìlá. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ kejì. Dókítà ní ìpẹ́pẹ́ tó bo ẹyinjú màmá ṣeé bó.

Ọkọ Agbẹ̀bí ti dé kí jíìpù tó jáde. Láti ìgbà tó ti wọlé ló ti ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀?"

"Àwọn ará ilé bàbá rẹ ní àwọn ò lè fẹ́ awakọ̀ gẹdú. Mo bá ṣèlérí pé mi ò ní wakọ̀ mọ́ níta."

"Bàbá ò sì bá yín jà á? Bàbá tó jẹ́ pé awakọ̀ pàtàkì ni wọ́n! Wọ́n máa ń sọ pé àwọn fúnra àwọn làwọn kọ́ ọkọ̀ wíwà."

Màmá mu omi tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó nu ẹnu.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ bàbá rẹ," ni ó wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lẹ́ẹ̀mejì."