Mẹ́mórì Tí Kò Gba Ohùn Tuntun

Ìyá ọkọ mi ní rédíò kékeré kan tó ń lo mẹ́mórì. Wáàsí ọkọ wọn, àáfà tó ti ṣaláìsí, ló kún inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán, wọ́n á tan án ní pálọ̀ wa ní Adéwọlé, wọ́n á máa mi orí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ṣe wòlímọ̀ Kùráánì, mo gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù mi. Màmá bá pè mí.

"Ìyàwó, bá mi fi kéwú tí ọmọ yìí kà sẹ́yìn wáàsí bàbá rẹ̀ àgbà."

Mo ní kò le rárá. Mo fi mẹ́mórì náà sínú láptọ́ọ̀pù, mo kọ́pì ohùn ọmọ náà sí i, mo sì fojú ara mi rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá a padà sínú rédíò, wáàsí nìkan là ń gbọ́. Mo tún gbé e wá sínú láptọ́ọ̀pù: ohùn ọmọ mi ti pòórá.

Mo rò pé bóyá ó ti kún ni. Wáàsí kan wà níbẹ̀ ní méjì, mo pa ọ̀kan rẹ́. Mo yọ mẹ́mórì náà, mo tún fi í sí i. Èyí tí mo pa rẹ́ ti padà sáyè rẹ̀! Ta ló dá a padà? Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní: "Ṣé kì í ṣe pé o tẹ ibi tí kò yẹ?"

Èmi gan-an ò mọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Challenge. Òun náà gbìyànjú, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí, mẹ́mórì yín ti gbó. Ẹ lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba nǹkan tuntun mọ́."

"Kí ló dé tó fi ṣe bí ẹni pé ó gbà á?"

"Òmíràn á kọ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Òmíràn ò ní sọ nǹkan kan. Àfi kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún fi í sí i, kí ẹ wò ó."

Mo mi orí bí ẹni tó yé. Kò yé mi. Mo bá bi í ohun tí mo rí lójú láptọ́ọ̀pù lánàá; ó ní ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni, pé kò dé inú mẹ́mórì rárá.

Ó kó gbogbo wáàsí náà sórí mẹ́mórì tuntun, ó fi ohùn ọmọ mi sí i. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ní kó yọ ọ́, kó tún fi í sí i lójú mi. Ohùn náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Màmá gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àlùhámúdù lílàhì." Wọ́n wá mú mẹ́mórì àtijọ́ dání.

"Ṣé eléyìí ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Màmá."

"Kí ló wá gbó nínú rẹ̀?"

"Ibi tó fi ń gba ohùn tuntun ni, Màmá."