Ta ló gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo so kọ́ sí kíṣìnnì?

Mo fura pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi ni wọ́n fi ṣe mí lálejò lónìí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti so ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kọ́ sí kíṣìnnì tí gbogbo wa jọ ń lò nílé wa ní Abúlé Òkúta, kó lè dúdú dáadáa. Mo fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo da yanrìn sínú ìkòkò tí mo fẹ́ fi yan án, mi ò tíì dáná sí i, mo wá jáde lọ ra fúláwà àti bọ́tà. Nígbà tí mo dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lọ.

Ibi tí mo ti ń wá a ni Màmá Kúdí, tí yàrá wọn kángun sí tèmi, ti gbé àwo wá. Búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbóná.

"Ìyàwó, gbà, tọ́ ọ wò."

Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, kí n má parọ́.

Mo wá rọra bi wọ́n pé, "Mà, ẹ ò bá mi rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo so kọ́ síbí?"

"Èyí tó ti dúdú yẹn? Eku ló máa gbé e. Eku ilé yìí ò dáa rárá."

Mo fọwọ́ kan yanrìn inú ìkòkò mi. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Eku tó ń dáná.

Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Ọ̀la ló ń bí mi nínú. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa retí kí n wá kí wọn pé "ẹ ṣé àná".

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n tún lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fowó ara mi rà?