Orúnkún Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ wá àyè jókòó, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín ogún mi lójú mi, nígbà tí mo ṣì ń jẹun, tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ní Fìdítì níbí, mo ní oko ọsàn tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ìlọrà. Láti oko yẹn ni mo ti ń ru agbọ̀n ọsàn wá sí etí títì, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ń dúró rà á. Ó pẹ́ tí mo ti ń ru ú. Nígbà tó yá, orúnkún mi ọ̀tún wú, bí mo bá sì fẹ́ dìde, á máa ró bí igi gbígbẹ.

Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, gbé àga tìmùtìmù kan wálé.

"Màmá, ẹ ti ṣe tó. Ẹ jókòó jẹun ọmọ. Ta ló máa rí yín lóko báyìí tí kò ní bú mi?"

Lọ́dọ̀ wa, ìyá tí ọmọ ní kó jókòó, tó wá kọ̀, ọmọ ló dójú tì. Mo jókòó. Wọ́n ń gbé omi wá bá mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi. Ìyàwó àkọ́bí mi gba ìsọ̀ ọsàn. Ọmọ mi obìnrin gba agbọ̀n. Ọkùnrin ará Àwẹ́ kan sì ti wá wo oko. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, wọ́n á fi oko náà lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òdìkejì títì yọjú.

"Ìyá Àga, o kú ìkàlẹ̀. Oyè wo ni wọ́n fi ọ́ jẹ?"

"Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí n tó sọ fún ọ."

Ẹ̀rín la fi ń bò ó. Bí mo ṣe ń jókòó tó ni orúnkún náà ń le sí i. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ara ògiri ni mo ń dì mú dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé n kò ní fojú kan oko yẹn mọ́.

Nígbà Kérésìmesì, ọmọ àbúrò mi obìnrin dé láti Ìbàdàn. Ìwé gíga ló ń kà lórí orúnkún màlúù, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé màlúù rẹ̀ kì í sanwó ìtọ́jú. Bí a ṣe ń jẹun, ó nawọ́ sí àwo mi, ó mú eegun kan.

"Ṣé ẹran ò tó ẹ ni?" mo bi í.

"Màmá Fìdítì, ẹ wo orí eegun yìí. Ohun funfun tó ń dán yìí ni kèrékèré. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn, tí ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀ ń jọ̀wọ́ rẹ̀, omi ara á máa wọlé, á máa jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń fún kànrìnkàn. Bí àwọn ohun alààyè tíntìntín inú rẹ̀, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ṣe ń jẹun nìyẹn."

"Kí ló wá bá tèmi jà?"

"Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìtọ́ni tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà. Jíìnì là ń pè wọ́n. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹrù bá wúwo jù, ìnira ọ̀hún á ránṣẹ́ ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó ń mú ohun tó ń jẹ kèrékèré jáde á jí, àwọn tó ń tún un ṣe á sùn."

"Èmi tí n kò wá ru nǹkan kan mọ́ ńkọ́?"

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, àwọn atúnṣe náà á máa tòògbé. Ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń jí wọn."

Àkọ́bí mi gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. "Ṣé o ń sọ pé èmi ni mo ba orúnkún ìyá mi jẹ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Agbọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àga yín kàn bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi òun. Ọmọ náà ní kí a má fi ọ̀rọ̀ òun ṣe òògùn o, pé inú àwo ní yàrá ìwádìí lòun ti ń wo ti màlúù, kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun.

Ẹ̀rù bà mí lọ́nà. Mo rò pé wọ́n á ní kí àwọn gé e. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kèrékèré rẹ̀ ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì pọ̀. Ẹ máa rìn. Ẹ má ru ẹrù mọ́." Ara mi fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé láti di ògiri mú nígbà tí mò ń jáde.

Kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn náà mo ń kọjá rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ará Àwẹ́ bá mi lábẹ́ igi ọsàn.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò lè rìn mọ́."

"Wọn ò parọ́. Nígbà yẹn nìyẹn."

Ó kí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìsọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi, nítorí ó mọ ọjà tà jù mí lọ. Agbọ̀n di ti ọmọ mi obìnrin pátápátá; mo kìlọ̀ fún un kó má dì í kún jù. Oko nìkan ni mo gbà padà, n kò sì tíì pín in.