Àjà Tó Ń Gbéra Nígbà Òtútù

Ní Ìkòròdú, wọn kì í pe ẹlòmíràn wá tún iṣẹ́ Mùjídì ṣe. POP, ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́, ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé kí ó dè é pinpin, lára àjà àti lára ògiri, kí méjèèjì di ọ̀kan.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Waheedah, rí físà ìtọ́jú arúgbó gbà, Mùjídì tẹ̀ lé e wá sí Thamesmead, nílùú òyìnbó, ó sì ń to páálí ní ilé ìkẹ́rù kan. Nígbà tó yá, Àǹtí Títílọlá, nọ́ọ̀sì kan tí àwọn ará wa ládùúgbò máa ń gba ìmọ̀ràn rẹ̀, ní kó wá ṣe pálọ̀ òun lọ́ṣọ̀ọ́. Mùjídì mọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá dára, iṣẹ́ mìíràn yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá bàjẹ́, páálí ló kù.

Ó fi kọ́nísì, ọ̀ṣọ́ tó ń bo ibi tí àjà ti pàdé ògiri, yí pálọ̀ náà ká. Ó fi skúrù àti POP dè é mọ́ òkè, ó dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń gbójú sókè wò ó.

Òtútù dé, ìlà kan là lókè ògiri àárín ilé, káàdì báǹkì lè wọ̀ ọ́. Mùjídì fi POP dí i. Nígbà ooru, ojú ibẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀, ó sì ti POP tuntun náà jáde bí ìpẹ́ ẹja. Ó ha á kúrò, ó fi skúrù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kàn án. Òtútù kejì fa pátákó àjà ya.

"Mùjídì, sọ òótọ́ fún mi," ni Àǹtí wí. "Ṣé ilé mi ló ń ya ni, àbí iṣẹ́ rẹ?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo dè é dáadáa ni."

"O dè é dáadáa, ó sì ń já dáadáa."

Nílé, Waheedah kò gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń ká. "Bàbá Fàósátù, ẹ máa to páálí yín lọ. Páálí kì í la."

Adrian, káfíńtà tó múlé ti Àǹtí, ló bá Mùjídì gun òkè àjà ilé Àǹtí. Ó ní kó fọwọ́ kan igi òrùlé. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n fi òwú tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé bò, lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì gbẹ. Ti òkè tutù, ó ti fa ọ̀rinrin. Adrian ṣàlàyé pé igi òkè máa ń gùn díẹ̀ nígbà òtútù, gbogbo rẹ̀ á wá tẹ̀ bí ọrun, á gbé àjà kúrò lórí ògiri. Kò sí skúrù tó lè dá a dúró. Kí Mùjídì so kọ́nísì mọ́ àjà nìkan, kí ó fi ògiri sílẹ̀, kí kọ́nísì lè bá àjà gòkè, kó bá a sọ̀ kalẹ̀.

Lójú Mùjídì, kọ́nísì tí kò di ògiri mú dà bí iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ sá lọ. Síbẹ̀, ó fi ayùn gé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì tún un ṣe.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, Àǹtí pè é. Àjà kò ya, ṣùgbọ́n àlàfo tín-ín-rín kan hàn lábẹ́ kọ́nísì.

"Ó ṣì ń rìn," ni Àǹtí wí.

"Yóò máa rìn ni, Àǹtí. Kò ní ya mọ́."

Àǹtí wo òkè títí. "Jẹ́ kí ooru dé ná. Bó bá padà sí àyè rẹ̀, mo máa dárúkọ rẹ fáwọn èèyàn."

Mùjídì dúpẹ́, ó kó irin iṣẹ́ sínú báàgì, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìkẹ́rù. Ooru ṣì jìnnà.